Ọ̀gán Kọkànlá

Ọ̀gán mọ́kànlá ló wà lórí ilẹ̀ náà, Lùbàbà sì ti ka gbogbo wọn kí kátápílà kankan tó débẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí ilẹ̀ náà ká, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé tó máa ń há sábíyá: gbogbo ọ̀gán tó bá wà níbi tí adágún máa wà, kí wọ́n wú u títí wọn yóò fi rí ìyá ikán, kó má sì dín ní mítà mẹ́ta sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi amọ̀ dí ihò náà, kí wọ́n máa gún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Òun nìkan ni obìnrin tó ń pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo ṣáńtíyè, ibi iṣẹ́ ìkọ́lé yẹn, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé ó máa ń fi amọ̀ lá àlá.

Ilé-iṣẹ́ wúrà kékeré kan ló gbà á síṣẹ́, lójú ọ̀nà tó jáde ní Parakou lọ síhà ìlà-oòrùn. Wọ́n ń lọ òkúta níbẹ̀ títí yóò fi kúnná, wọ́n ń fi omi àti kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní sìyánúrù fa wúrà jáde nínú rẹ̀. Wúrà á wọ ọkọ̀, ó di Kọ̀tọ́nù. Ẹrọ̀fọ̀ eléérú tó kù, tí májèlé ṣì wà nínú rẹ̀, kò níbi tó ń lọ. Ibẹ̀ ni yóò wà lẹ́yìn tí gbogbo àwọn tó jẹ wúrà náà bá ti kú tán. Ilé tí ẹrọ̀fọ̀ yẹn yóò máa gbé ni wọ́n ní kí Lùbàbà yà sórí ìwé kó sì bójú tó kíkọ́ rẹ̀: adágún ńlá kan tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sí nísàlẹ̀, pẹ̀lú odi amọ̀ gíga níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò. Lẹ́bàá odò yẹn ni abúlé Kòróbù wà, àwọn Fúlàní àti Bàríbá ló ń gbé ibẹ̀, odò náà ni màlúù wọn ń mu, kànga wọn kò sì jìnnà sí i.

Kí ni ikán wá ṣe fún un? Ohun tí ojú ń rí lókè ọ̀gán kì í ṣe ilé ikán, òrùlé rẹ̀ ni. Ilé gan-an wà nísàlẹ̀, yàrá lórí yàrá, ọ̀nà tóóró tó gba ìhín gba ọ̀hún. Bí o bá gé òkè rẹ̀ nìkan, tí o tẹ́ ọ̀rá lé e, tí o wá da òkè ẹrọ̀fọ̀ lé ọ̀rá lórí, lọ́jọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀ yóò rì wọlé. Ọ̀rá yóò fà ya, májèlé yóò sì gba ọ̀nà ikán kọjá lábẹ́ odi, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfọwọ́ kan odi rárá. Lùbàbà mọ èyí dáadáa, òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún olórí ṣáńtíyè, Músíọ̀ Àbdùlhàfíìsì, tí ìyẹn sì pè é ní àǹtí bí gbogbo wọn ṣe ń pè é, ó ní, "Tàtá, ikán lásán?"

Hùdá náà ti bi í. Obìnrin Fúlàní kan láti Kòróbù ni Hùdá, wàrà ló ń gbé lọ sí ọjà Arzèkè ní àràárọ̀, ó sì máa ń yà sẹ́nu géètì kí Lùbàbà ra tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sọ igbá kalẹ̀, ó nawọ́ sí odi tó ń ga bọ̀.

"Tàtá, ohun tí ẹ fẹ́ kó síbí yìí, ṣé kò ní wá bá wa nílé?"

"Èmi fúnra mi ló ń kọ́ ọ," Lùbàbà dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò ní wá bá yín."

Kátápílà wú ọ̀gán mẹ́wàá. Lùbàbà wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, ọ̀gán kọkànlá, tó wà ní ìdí odi gan-an, níbi tí ẹ̀rọ ò lè dé mọ́ nítorí odi ti ga. Ọwọ́ ènìyàn ló kù tí wọ́n lè fi wú u, ọwọ́ tó sì wà nítòsí ni ti bàbá rẹ̀.

Sàrúmì lorúkọ bàbá náà, mọlémọlé ni. Kí bíríkì sìmẹ́ńtì tó gba ìlú, ó lé ní ìdajì àwọn ilé Zongo, àdúgbò wọn ní Parakou, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló rẹ́ ògiri wọn. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, iṣẹ́ rẹ̀ rọ bí aṣọ tó bọ́ sómi. Ààrò ìyan-búrẹ́dì ló kù tó ń mọ fún àwọn oníbúrẹ́dì, àti ògiri àwọn mọ́sáláṣí àtijọ́ tó ń tún ṣe. Nítorí náà, nígbà tí Àbdùlhàfíìsì ní òun ń wá ẹni tó mọ amọ̀ tí yóò fi ọwọ́ dán ẹ̀yìn odi náà, ọkàn Lùbàbà fò. Ó mú bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́fà tí bàbá náà kọ́ níṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí Sàrúmì kọ́kọ́ gun ọ̀nà ṣáńtíyè yẹn, jalabíà tuntun ló wọ̀. Ó bọ́ ọ nígbà tó débẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lùbàbà wò ó látòkè, inú rẹ̀ dùn débi tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn mọlémọlé tó ń lo amọ̀ ọ̀gán ní òfin kan. Wọ́n á gé òkè ọ̀gán, nítorí kò sí amọ̀ tó dà bíi rẹ̀ fún ààrò àti ògiri, ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan ìyá ikán. Wọ́n á fi ewé bo ojú ihò, wọ́n á lọ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, àwọn ikán á ti mọ òmíràn síbẹ̀, wọ́n á tún padà wá gé e. Ọ̀gán kan wà tí Sàrúmì ti ń gé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Lùbàbà. Lójú àwọn àgbà oníṣẹ́ yẹn, ẹni tó bá wú ìyá ikán, olè ni, amọ̀ àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ló jí. Lùbàbà mọ òfin yìí láti kékeré. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi ka ohun tó kọ sínú kàyé sí bàbá rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀mejì, tó ṣàlàyé rẹ̀, tó sì ní kó tẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀. Bàbá náà gbọ́, ó mi orí, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Ọjọ́ kẹta ni Lùbàbà mú téèpù lọ síbẹ̀ láti wọn ihò. Kò bá ihò kankan. Wọ́n ti dí i, bàbá rẹ̀ dúró lórí rẹ̀, ó ń fi igi gún amọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ ti dí i?"

"Òjò ń ṣú bọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí omi kún inú rẹ̀ ni?"

"Mo ní láti wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dí i."

Sàrúmì dá igi dúró. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn náà dáwọ́ dúró, olúkúlùkù wá nǹkan wò nílẹ̀.

"Lùbàbà, ohun tí o kà sí mi létí, mo gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ka sí i. Mítà mẹ́ta lo wí, mítà mẹ́ta ni mo gbẹ́. Àbí kí a tún wú u, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá wo bí ọmọ tí mo bí ṣe ń wá irọ́ lẹ́nu mi?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yẹ kó sọ. Ẹ wú u. Ó ti sọ ọ́ fún awakọ̀ kátápílà tó ju bàbá rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì lára, ìyẹn sì wú u. Ṣùgbọ́n nílé wọn ní Zongo, bí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kì í bi í. Ta ni Lùbàbà tí yóò dúró lójú ènìyàn mẹ́fà, tí yóò na téèpù sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀?

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó wí. Ó ṣí kàyé, ó sì kọ ọ́ síwájú ọ̀gán kọkànlá: mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá yẹn, ibo ló ti rí i? Ó fi í lé e kí ó lè jọ òótọ́ ni. Ìyẹn ló ń dùn ún wọra jù lọ títí di òní olónìí. Bàbá rẹ̀ parọ́ mítà, òun alákọ̀wé ló fi sẹ̀ǹtímítà kún un.

Adágún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrọ̀fọ̀. Òjò ọdún yẹn rọ̀, ó dá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀gá wá láti Kọ̀tọ́nù, wọ́n ya fọ́tò lórí odi, wọ́n bọ Lùbàbà lọ́wọ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì ń rọ̀ kíkankíkan, Hùdá yọ sẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbá rẹ̀ ṣófo.

"Tàtá, ẹ wá wo àwọn màlúù wa."

Mẹ́fà ló nà gbọọrọ sétí odò, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀, eṣinṣin ti bò wọ́n. Lùbàbà kò dúró wò wọ́n pẹ́. Ó tọ etí odò gòkè, ó ń wo ilẹ̀, títí ó fi rí i lẹ́yìn odi: ihò kékeré kan tí kò tó ọmọ ìka, tí omi eléérú ń sun jáde nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Odi gbẹ táútáú. Kò sán, kò yẹ̀, kò rì, ẹwà ni odi náà. Ó gùn ún dé òkè, ó bojú wo inú adágún, ó sì rí ibi tí ẹrọ̀fọ̀ ti jìn kòtò nídìí odi. Kò nílò kàyé láti mọ ibi tó ń wò. Ó jókòó sórí amọ̀ tí bàbá rẹ̀ dán, ó sì ké bí ọmọdé.

Wọ́n dí ihò náà, wọ́n da ẹrọ̀fọ̀ sí apá kejì adágún. Wọ́n gbé omi Kòróbù lọ yẹ̀ wò, wọ́n padà wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga yẹn mọ́, wọn ò sì lè sọ ìgbà tí yóò dára. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yóò máa gbé omi wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà ṣáńtíyè. Àwọn ará Kòróbù jókòó lápá kan, àwọn àgbà Zongo tí wọ́n wá pẹ̀lú Sàrúmì jókòó lápá kejì. Obìnrin ọ̀gá kan láti Kọ̀tọ́nù, tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ló ń fi Faransé béèrè ọ̀rọ̀, Àbdùlhàfíìsì sì ń túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí ló dé tí ẹ fi ìyá ikán sílẹ̀ nínú ilẹ̀?"

Sàrúmì wo àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí ẹ̀ka dóńgóyárò.

"Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí n wú u. Ọmọ mi kò sọ ọ́ fún mi. Bó bá sọ ọ́, ṣé mi ò ní wú u ni?"

Ojú ìwé tó ní àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú kàyé, Lùbàbà sì ti fi ìka bọ àárín rẹ̀ láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Kó kàn ṣí i ló kù. Gbogbo Zongo yóò gbọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ pé Sàrúmì purọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yangàn fún àádọ́ta ọdún. Ó yọ ìka rẹ̀ kúrò, ó pa kàyé dé.

"Èmi ni mi ò wọ̀n ọ́n," ó wí. "Mo bá ihò ní dídí, mo sì kọ iye tí mi ò wọ̀n. Ẹ̀bi mi ni."

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Inú ń bí i. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́ bí òótọ́ ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tó jẹ̀bi. Inú ilé-iṣẹ́ ní tiwọn sì dùn, wọ́n ti rí ẹni tí yóò gbé ẹrù náà. Ó tó oṣù méjìlá tí ẹnì kankan ò ti yẹ adágún wò, kò sí ẹni tó dárúkọ ìyẹn lábẹ́ dóńgóyárò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Lùbàbà, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kọ̀tọ́nù, pé kí wọ́n má tún gbà á sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kàyé nìkan ni wọn ò rántí gbà.

Nílé, bàbá kò bá a sọ̀rọ̀, òun náà kò bá bàbá sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bá ìyá rẹ̀, Àsánátù, sá aṣọ sí àgbàlá, ìyá náà sì dédé dá ọwọ́ dúró, ṣòkòtò iṣẹ́ Sàrúmì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí bàbá rẹ dí ihò yẹn, amọ̀ pupa ò kọjá orúnkún ṣòkòtò yìí. Ẹni tó bá wọ ihò mítà mẹ́ta, amọ̀ á dé inú irun rẹ̀."

Lùbàbà yíjú sí i. "Ẹ mọ̀, Màámi?"

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọkọ mi parọ́?" Àsánátù ta ṣòkòtò náà sórí okùn, ó fà á kó tẹ́jú. "Ìwọ tí o kàwé, tí o mú téèpù lọ́wọ́, ṣé o sọ ọ́?"

Lẹ́yìn ògiri àgbàlá, níbi tí Sàrúmì ti ń ṣe àlùwàlá, ìró omi búùtà dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọkọ́ Sàrúmì kò sí níbi tó máa ń wà, òun náà kò sí nílé. Lùbàbà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gun alùpùpù sémíjàn kan lẹ́nu ọ̀nà Zongo, ó ní kó gbé òun lọ sí ṣáńtíyè. Ọkọ̀ omi kò tíì dé, àwọn ará Kòróbù ti tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú bìdọ́n òfìfo wọn, Hùdá wà láàárín wọn. Kò kí i. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní Bàbá ti wọlé, pé ó ní òun wá parí iṣẹ́ òun, ẹ̀ṣọ́ náà ò sì mọ bí òun ṣe lè lé irú àgbà bẹ́ẹ̀ padà.

Ó bá a nídìí odi, níbi tí wọ́n ti ká ọ̀rá dúdú kúrò, tí ilẹ̀ sì wà lásán. Ó fi aṣọ bo imú, ihò ti gbà á dé ìbàdí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Kò wòkè, kò sì dá a dúró. Lùbàbà wá garawa àti okùn, ó ń fa erùpẹ̀ sókè, ó ń dà á nù, ó ń sọ garawa padà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ tó jáde láàárín wọn kò ju "fà á" lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú àkàbà dání.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun alásàrí nígbà tí Sàrúmì pè é látìsàlẹ̀.

"Lùbàbà. Ju téèpù ẹ wálẹ̀."

Ó mú ẹnu téèpù, ó ju etí kejì rẹ̀ sínú ihò. Bàbá rẹ̀ fà á le. Lùbàbà kà á.

"Ó jẹ́ mélòó?"

"Mẹ́rin àti mẹ́tàdínlógójì."

"Nígbà yẹn ńkọ́, mélòó lo kọ?"

"Mẹ́ta àti mẹ́wàá."

"Mítà kan péré ni mo gbẹ́," Sàrúmì wí látinú ihò. "Ó ní ibi tí ọkọ́ mi dé, ó sì kọ̀ láti lọ síwájú. Kọ èyí sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó sì kọ déètì sí i. Kò sí ẹni tí yóò fún. Bàbá rẹ̀ gun àkàbà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan ló fi di àkàbà mú, amọ̀ kún irun rẹ̀, kún irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó dé òkè, ó ṣí ọwọ́ kejì. Ìyá ikán wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó funfun, ó sanra tó àtàǹpàkò, ó ń mí.

Wọ́n jọ rìn jáde. Ọkọ̀ omi ti dé, wọ́n ti ń pọn ún. Hùdá rí wọn bí amọ̀ ṣe bò wọ́n, ó jáde lórí ìlà, ó wá bá wọn.

"Tàtá, wọ́n ní ẹ ti wú ohun tó bà á jẹ́ jáde. Ṣé omi wa ti dára báyìí?"

Sàrúmì wo ọmọ rẹ̀, kó lè bá a dá obìnrin náà lóhùn. Ojú yẹn kan náà ló fi wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n dí ihò. Lùbàbà kò la ẹnu rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó pẹ́.

"Rárá, ìyá mi," Sàrúmì wí. "Kò dára. Wọ́n sọ fún mi kí n wú u, mi ò wú u. Èmi ni."

Hùdá wo ohun funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé bìdọ́n rẹ̀, ó sì padà lọ tò sẹ́yìn ìlà, nítorí wọ́n ti gba àyè rẹ̀.